Kí òṣèlú má baà jẹ owó ọjà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí káńtà

Owó ọjà ni òṣèlú kọ́kọ́ máa ń jẹ lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti Indomie, tí ẹ tún fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún òṣèlú kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Owó POS ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ máa san owó oṣù fún ara yín látinú èrè. Inú owó oṣù yẹn àti ọrẹ àwọn alátìlẹyìn ni kí owó òṣèlú ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò èyí. Páálí Indomie kékeré ní ẹyọ 40. Ká ní ₦9,000 lẹ ra páálí kan, tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦600. Bí ẹ bá gbé páálí mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìpàdé wọ́ọ̀dù, ₦90,000 ti lọ. Ẹ máa ta páálí 150 kí èrè tó dí ihò yẹn, a ò tíì sọ owó iná, owó ilé àti owó ọmọ tó ń bá yín tajà. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé ọjà kì í jọ owó lójú. Ẹni tí kò jẹ́ yọ ₦90,000 lápò máa ń gbé páálí mẹ́wàá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá máa mú nǹkan lórí pẹpẹ, kí àkáǹtì òṣèlú sanwó rẹ̀ bíi ti oníbàárà yòókù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà títà.

Àwìn le jùyẹn lọ. “Ọnarébù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a máa san án lẹ́yìn ìdìbò.” Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ọnarébù kì í lè sin gbèsè mọ́, ojú á máa tì í. Ẹ dá àwìn dúró pátápátá ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ tó ń tajà, kí ẹ má sì já a nírọ́ níwájú oníbàárà. Ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé wọ́ọ̀dù sábà máa ń bọ́ sí, ìgbà yẹn gan-an lọjà ń yá, nítorí náà ẹ fi ẹni tó ṣe é fọkàn tán sídìí káńtà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ka ọjà. Bí mílíìkì bá dín sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ wádìí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má kánjú du ipò. Alfred Roberts, bàbá Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, ra ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Grantham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1919. Ọdún 1927 ló tó di káńsẹ́lọ̀, ó di méyọ̀ ní 1945. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Labour gba káńsù, wọ́n yọ ọ́ nípò àgbà káńsẹ́lọ̀ (alderman) ní 1952. Lójú tèmi, kí ṣọ́ọ̀bù ti máa bọ́ ara rẹ̀ fún ọdún méjì láìyáwó kí ẹ tó jáde.

Ẹ má lẹ pósítà mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ẹgbẹ́ kejì náà ń ra ṣúgà. Ẹ má sì fi ìrẹsì ra ìbò. Òfin ìdìbò kà á sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ó lè mú ìtanràn wá, ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. INEC kọ́ ló ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, àjọ ìpínlẹ̀ ni, bíi OYSIEC l'Ọ́yọ̀ọ́ àti LASIEC l'Ékòó. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti gba ìlànà, kí ẹ kà á tán, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ọ̀nà ní kọ́bọ̀.