Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ràn Heian Shodan
Kàráté Shotokan ni mo kọ́, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn báyìí. Nígbà tí mo ṣì kéré, kumite, ìyẹn ìjà ẹni méjì, ni mo máa ń fojú sọ́nà fún, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ojúgbà mi ti máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gba bẹ́líìtì dúdú, tí ọ̀gá mi sì fa àwọn ọmọ kéékèèké lé mi lọ́wọ́, Heian Shodan, kata tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú Shotokan, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ ìjà tí ẹnì kan ń dá ṣe, ni ọkàn mi fà sí jù lọ.

Ìgbésẹ̀ 21 péré ló ní. Ẹni tó ń ṣe é yóò yíjú sí òsì, yóò fi apá gbá ìkọlù dànù nísàlẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ síwájú, yóò sì ju ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ń wòran lè rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò ti ilẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbéra. Ìbàdí yóò yí. Ọwọ́ kejì yóò ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà tí ẹ̀ṣẹ́ gúnlẹ̀. Èémí yóò sì bá a jáde. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ lẹ́yìn, agbára ti tú dànù nìyẹn. Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni èyí tó yé mi délẹ̀délẹ̀, nítorí pé ọmọ ọdún méje yóò béèrè ìdí tí ọwọ́ kejì fi ń padà. Mo máa ń ní kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri gbọ̀ngàn, kí ó sì sọ ibi tí agbára ti ń wá fún mi. “Ẹsẹ̀ ni, Sensei!” Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á yàtọ̀.

Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n kúkú ṣe kata yìí fún. Itosu Anko, tó mú kàráté wọ ilé-ìwé ní Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, ló to kata Heian márààrún jọ, Shodan sì ni àkọ́kọ́ wọn. Gichin Funakoshi, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó fi kàráté hàn ní Tokyo ní ọdún 1922, ló yí orúkọ wọn padà láti Pinan sí Heian. Funakoshi fi kọ́ni pé oníkàráté kì í kọ́kọ́ gbéjà ko ẹnìkan. Ìyá kan wá bá mi nígbà kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má bá mi sọ ọmọ yìí di oníjà ìgboro.” Mo ní kí Mọ̀mọ́ jókòó, mo sì ṣe ìbẹ̀rẹ̀ Heian márààrún fún wọn: ìdènà ló ṣáájú nínú gbogbo wọn. Àbúrò ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí.

Nígbà tí kàráté wọ Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, Ryo Kiyuna, ọmọ Okinawa, ló gba wúrà kata àwọn ọkùnrin. Ẹ̀ka tirẹ̀ kì í ṣe Shotokan, síbẹ̀ mo máa ń fi fídíò rẹ̀ han àwọn ọmọ lórí fóònù, kí wọ́n lè rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fìdí múlẹ̀. Wọn kò fi kàráté sí ti Paris ní 2024, ó sì dùn mí wọra, nítorí pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ibi gíga tí wọ́n ń wò.

Ní báyìí, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí a bọ́ sí Heian Nidan, ìkejì nínú wọn, nítorí pé ìtàpá ẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀. N ó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn gbogbo wọn bá dúró sórí ilẹ̀ ná.