Ó Máa Ń Rán Mi Níṣẹ́

Nínú gbogbo àdúrà tí mo ń gbọ́ ní ìpàdé àdúrà wa nílùú Àkúrẹ́, bóyá ni èyíkéyìí fi wọ́pọ̀ tó “Olúwa, bá mi sọ̀rọ̀.” Bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń tẹ̀ lé e, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a fẹ́ rà, ẹni tí a fẹ́ fẹ́, ìwé ìrìnnà tí a ń retí, tàbí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ni. N kò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí pé èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀ pé ẹni tó bá ń dẹtí sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan kò ní gbọ́ púpọ̀.

Ẹ wo Sámúẹ́lì ní Ṣílò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olúwa pè é lóru, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì sáré tọ Élì lọ, nítorí ó rò pé baba náà ló ń pe òun. Élì tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn ló wá mọ ẹni tó ń pe ọmọ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé níkẹyìn, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ nípa ọjọ́ iwájú Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀; ọ̀rọ̀ ìdájọ́ lórí ilé Élì ni, ẹ̀rù sì ba ọmọ náà láti sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ní àdúgbò tiwa níhìn-ín, kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, tó sì gbọ́ ìpè lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní ọdún 1928. Ohùn náà la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pé ńṣe ni ìpè náà gba iṣẹ́ oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì rán an sí àwọn ẹlòmíràn.

Màmá kan nínú ìjọ wa, tó ń dín àkàrà lẹ́bàá Ọjà Ọba, ni mo bi léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n yí àkàrà inú epo padà, wọ́n ní, “Ó máa ń rán mi níṣẹ́ ni, ọmọ mi.” Wọ́n sọ pé bí àwọn ṣe ń bó ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ kan, orúkọ arábìnrin kan tí a kò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ kò kúrò lọ́kàn àwọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé àkàrà àti ẹ̀kọ lọ bá a. Mo ti ń retí kí wọ́n ní àwọn bá a lórí àìsàn, tàbí pé oúnjẹ ti tán nílé rẹ̀. “Rárá o. Aṣọ ló ń fọ̀, ara rẹ̀ le. A jọ jẹun, mo sì padà síbi àkàrà mi.” Mo gba ìtàn yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí ìparí rẹ̀ máa ń gún régé lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní “Olúwa ní kí n sọ fún ọ” ni a ó gbà gbọ́. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹtàlá, wòlíì àgbà kan ní Bẹ́tẹ́lì purọ́ fún ènìyàn Ọlọ́run pé áńgẹ́lì bá òun sọ̀rọ̀. Ènìyàn Ọlọ́run náà padà lọ jẹun nílé wòlíì àgbà náà, lòdì sí àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́, kìnnìún sì pa á lọ́nà. Pọ́ọ̀lù náà kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa dán ohun gbogbo wò. Kí ni a ó fi dán an wò bí a kò bá ka Bíbélì, èyí tó ti wà lódindi ní èdè Yorùbá láti ọdún 1884?

Nítorí náà, kí n tó tan fóònù láàárọ̀, mo máa ń kà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń béèrè ẹni tí kí n lọ wò. Orúkọ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti bùrọ̀dá kan tí àwa méjèèjì kò kí ara wa dáadáa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín wa nípàdé àdúgbò. Wọ́n ti kó lọ sí Ìdànrè. Lọ́jọ́ Sátidé, n óò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.