Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí mo fi ẹsẹ Bíbélì pa Màmá lẹ́nu mọ́

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Tíṣà Sọ́ńdè Sukúù ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní Òṣogbo, kíláàsì àgbà ni mo ń kọ́. Oṣù kìíní ọdún kan, mo mú Jeremáyà 29:11, ẹsẹ èrò àlàáfíà tí gbogbo wa mọ̀ sórí yẹn, mo wá ń sọ pé ọdún yìí náà ni, ẹni tó ń wáṣẹ́ á ríṣẹ́, ẹni tó ń wá ọmọ á gbọ́mọ pọ̀n kí Disẹ́ńbà tó dé, àmín ń dún, kíláàsì ń gbóná. Màmá kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò wá nawọ́, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn? Ẹ bá wa ka ẹsẹ kẹwàá."

N ò kà á. Ó dùn mí pé wọ́n bi mí lójú gbogbo èèyàn, ni mo bá fi Sáàmù 105:15 dá wọn lóhùn, ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi, bíi pé èmi tíṣà ni ẹni òróró tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi ní ìbéèrè. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà àdúrà ò lọ lẹ́nu mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo gba Òkè-Baálẹ̀ lọ sílé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní "dìde, ọmọ mi", wọ́n gbé Bíbélì wọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já fún mi pé kí n ka Sáàmù yẹn látòkè. Àṣé Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù lọ̀rọ̀ wà fún, wọn ò pọ̀, àlejò ni wọ́n, wọ́n ń rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, àwọn ọba ni Ọlọ́run sì ń bá wí pé kí wọ́n má ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi gbèjà aláìlágbára ni mo sọ di pàṣán fún ìyá àgbà. Màmá tún fi kún un pé Dáfídì ò nawọ́ sí Ọba Sọ́ọ̀lù, ẹni òróró Ọlọ́run tó ń lépa rẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ó jáde nínú ihò tó sá pamọ́ sí, ó sọ òótọ́ fún un.

La bá ṣí Jeremáyà. Àṣé lẹ́tà tí wòlíì náà kọ sí àwọn Júù tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni orí 29 yẹn. Ẹsẹ kẹwàá ní ó di lẹ́yìn 70 ọdún ní Bábílónì kí Ọlọ́run tó mú wọn padà wálé. Ẹsẹ kẹjọ ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn wòlíì àárín wọn tàn wọ́n. Ní orí 28 tó ṣáájú, wòlíì èké kan tó ń jẹ́ Hananáyà ló ní ọdún méjì péré ni, Ọlọ́run ò sì rán an. Ara mi tutù, torí Hananáyà yẹn ni mo jọ, n ò jọ Jeremáyà rárá. Ohun tí lẹ́tà yẹn sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin nǹkan, kí wọ́n gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà, èyí sì wúlò fún ẹni tí ò tíì ríṣẹ́ ju gbogbo ìlérí Disẹ́ńbà mi lọ.

Àwa ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáńtì máa ń sọ pé Bíbélì ló láṣẹ jù, pé Martin Luther, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní ìlú Worms ní Jámánì lọ́dún 1521 pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló de ẹ̀rí ọkàn òun. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí tíṣà bá ń bínú sí ẹni tó ní ká ṣí i wò, ta ló wá láṣẹ níbẹ̀? Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn ará ìlú Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wò nínú Ìwé Mímọ́, Bíbélì yìn wọ́n. Iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde lọ́dún 1884, kí irú Màmá yìí lè kà á fúnra wọn ni. Àwọn kan á ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ oníkálukú á máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ ìgbà tí mo dá a kà ni mo ṣì í, ìgbà táa jọ kà á ló yé mi.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òkè ẹsẹ yín, ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tẹ́nì kan bá bi yín, ẹ ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Tẹ́ẹ bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ibi tẹ́ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ ni kẹ́ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, iwájú kíláàsì yẹn náà ni mo ti tọrọ àforíjì.

Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́ báyìí, torí náà mo máa ń lọ kàwé fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè. A ti parí Jeremáyà, a ti ka Ẹkún Jeremáyà, a ti wọ Ìsíkíẹ́lì.