Orúkọ tí mo pe ìṣòro ẹ̀fọ́ mi

Kubwa, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ní àárọ̀ yìí, kí n tó gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ká aṣọ tútù kúrò lẹ́nu ìkòkò. Tẹ̀tẹ̀ tí mo rà ní Sátidé ṣì wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ nà, igi rẹ̀ sì ṣẹ́ pàá nígbà tí mo dán ọ̀kan wò. Òní lọ́jọ́ kẹrin. Nínú ọyẹ́ tó ń la ètè ọmọdé àtàgbà yìí ni o. Oníbàárà tó kọ́kọ́ dé bi mí bóyá àárọ̀ yìí ni wọ́n já a lóko. Mo sọ òtítọ́ fún un, kò gbà mí gbọ́, àmọ́ ó ra ìdì mẹ́ta.

Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe débí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ó lé lọ́dún méjì tí mo ti ń da ẹ̀fọ́ nù. Sátidé ni mo máa ń lọ rajà; bó bá fi máa di Mọ́ńdè, nínú ogójì ìdì, mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti rọ, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń jẹ wọ́n. Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé, èsì mi kì í yí padà: "Àìsí iná ni. Mi ò ní firísà." Mo dá àjọ nítorí firísà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kó o, mo ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀, bó ṣe dà láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mo sì rí i pé èrè orí ẹ̀fọ́ kò ní tó ra epo. Mo tún wá ń ronú àtiyáwó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ di ọ̀rọ̀ gbèsè sí mi lọ́rùn.

Ohun tó yẹ kó là mí lójú ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbà mí láàyè lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí n kó ẹ̀fọ́ sínú firísà òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gan bíi pákó. Bí yìnyín ṣe yọ́ lára rẹ̀, ó dúdú, ó sì ń ṣomi bí èyí tí wọ́n ti bọ̀. Síbẹ̀ mi ò béèrè ohunkóhun. Mo kàn ní mo jẹ́ kó pẹ́ jù nínú rẹ̀ ni.

Bàbá kan wà tó máa ń ra ewédú lọ́wọ́ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa èyí tó ti rọ sọ́tọ̀.

"Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí ló ń ba ẹ̀fọ́ rẹ jẹ́ gan-an?"

"Àìsí iná ni, Bàbá."

"Ṣé iná ni ẹ̀fọ́ ń mu lóko ni?"

Inú bí mi. Mo rò pé ẹni tí kò da ọjà nù rí ló lè máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, ó bá mi jẹun, ó tún bá mi dórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bá dìde, mo mú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, mo sì kọ ìṣòro mi sínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: Mi ò ní firísà. Mo wò ó títí. Ọ̀dọ̀ olówó ni gbólóhùn yẹn ń darí mi sí, torí owó nìkan ló lè dá a lóhùn. Mo fagi lé e, mo kọ ọ́ pé: Iná kì í dúró. Ìyẹn ní kí n káwọ́ gbera máa retí àwọn oníná. Mo fagi lé ìyẹn náà. Ẹ̀fọ́ ń rọ kó tó tà: èyí sàn díẹ̀, ó ti kúrò lórí ohun tí mi ò ní, ó ti bọ́ sórí ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀. Kí ló wá ń mú kó rọ? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti padà wá. Omi ni ẹ̀fọ́ ń mu lóko. Mo kọ ọ́ pé: Omi ń jáde lára ẹ̀fọ́, kò sì sí èyí tó ń wọlé. Ọwọ́ mi dúró.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wolé kí n tó sọ tèmi. Ọdún méjì ni mo fi ń pe orúkọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni àmù ìyá ìyá mi. Ó wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òkèlélé, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin. Ó máa ń làágùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, abẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Ibi tí ilẹ̀ ti tutù yẹn ni màmá àgbà máa ń to ẹ̀fọ́ àti ata sí. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo sọ ọ́ fún àkọ́bí mi, ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ìtàn Mohammed Bah Abba hàn mí. Tíṣà ni ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ìdílé amọ̀kòkò ló ti wá. Ní 1995 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìkòkò inú ìkòkò: kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Ìgbá tí kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ lo 12. Ẹ̀bùn Rolex tó gbà lórí rẹ̀ ní 2000 wú mi lórí, àmọ́ ti àwọn ọmọbìnrin inú ìtàn náà ló kàn mí lára jù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kiri, torí ohun tí wọ́n kó jáde lóko lónìí kò ní rí ọ̀la. Nígbà tó wá ń tọ́jọ́, wọ́n ráàyè lọ sílé ìwé. Abúlé tí kò níná ni o! Ká ní wáyà iná ni Bah Abba jókòó dè, àwọn ọmọ yẹn ì bá ti dàgbà.

Tèmi kò yọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò òdòdó tí mo kọ́kọ́ rà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún, ó ń dán. Omi kò rí ibi gbà jáde, ẹ̀fọ́ sì jẹrà sínú rẹ̀. Mo bá wọkọ̀ lọ sí apá Bwari, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ushafa, níbi tí àwọn obìnrin Gbagyi ti ń mọ ìkòkò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni láti ìran wá. Ladi Kwali tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ₦20, ìkòkò mímọ ló gbé e dé ibẹ̀. Èdè Hausa díẹ̀díẹ̀ ni mo fi bá ìyá tó ń tà á sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ èyí tó ń làágùn. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó fetí sí i, ó gbé e sílẹ̀, ó wá mú méjì mìíràn tí wọn ò kùn ní ohunkóhun fún mi.

Yanrìn odò ni mo dà sáàárín. Mò ń bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì gbé e síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Omi inú yanrìn ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru inú ìkòkò lọ.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn lónìí, tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n sùn, ni pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fa omi lára ẹ̀fọ́ mi náà ló ń mú ìkòkò tutù. Bó bá ṣe gbẹ tó ni ìkòkò ṣe ń tutù tó. Gbogbo ọyẹ́ tó ti kọjá ni mo fi ń sá fún un, tí mò ń fi tápólì dí iwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ká tápólì yẹn kúrò kí ó lè wọlé.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá ní a ò nílò iná mọ́. Ìkòkò kò lè gba ẹja Ìyá ẹlẹ́ja là. Àwọn ọmọ mi nílò iná láti kàwé, ó sì ń dùn mí gan-an pé inú òkùnkùn ni wọ́n ṣì ń kà á. Ìṣòro iná wà, ó tóbi, ó sì yẹ ká máa pariwo rẹ̀. Òun kọ́ ni ìṣòro ẹ̀fọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá wá ra ewédú. Mo fi ìkòkò hàn án, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tójò bá dé ńkọ́?" Ó mọ̀ dáadáa pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, ìkòkò yìí kò ní ṣe tó bó ṣe ń ṣe báyìí. Mo ti ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé gbèsè. Lójò, ẹ̀fọ́ mi kì í rọ, jíjẹrà ló máa ń jẹrà, látìdí lọ, níbi tí wọ́n ti fi okùn dì í. Gbólóhùn méjì ni mo ti kọ, mo ti fagi lé ọ̀kan. Ó ku kí n bu omi sí yanrìn kí n tó sùn.