Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àbúrò mi ṣe lẹ́yìn tí agbọ́n ta á

Nígbà tí agbọ́n ta àbúrò mi lọ́rùn nínú ọgbà wa ní London, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè rẹ̀ fi wú, tí kò sì lè mí dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni Ọlọ́run fi yọ ọ́.

Dókítà ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí pé bí wọ́n bá tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò jù, IgE, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dá oró náà mọ̀, lè lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò ní rí i. Nígbà tí èsì oró oyin àti ti agbọ́n jọ fi hàn pé IgE wà, wọ́n tún wá IgE tí ó ń dá Api m 1 mọ̀, ìyẹn purotéènì kan nínú oró oyin, àti èyí tí ó ń dá Ves v 5 mọ̀, tí ó jẹ́ purotéènì inú oró agbọ́n. Ti Ves v 5 nìkan ni wọ́n rí, ìyẹn ni pé oró agbọ́n ni ara rẹ̀ kọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, iye IgE kò sọ bí ìta mìíràn yóò ti le tó, àwọn kan sì wà tí wọ́n ní in lára tí agbọ́n ta tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ìdí nìyí tí dókítà fi fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé àbúrò mi kí ó tó mú abẹ́rẹ́ láti fa ẹ̀jẹ̀.