Páálọ̀ ni mo kà, mo gbàgbé kíṣìnì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìṣirò owó ilé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí fún yín. Bọ̀dá kan rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ́nà Under G, wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìjẹun ìgbàlódé, irú èyí téèyàn ń sanwó kó tó lè lo orúkọ wọn yẹn, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó kí n sọ iye tó máa ná àwọn. Ni mo bá fa tépù, mo wọn ilé, mo ṣírò táìlì, POP, ọ̀dà, gíláàsì, mo fowó iṣẹ́ lé e, inú bọ̀dá dùn, èmi náà ń yan kiri. Ìyẹn ní May 2023 o.

Afi ìgbà tí dúrọ́ọ̀ìn dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ni orúkọ. Fryer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín oúnjẹ, méjì tó ń jẹ iná 9 kilowatt ọ̀kọ̀ọ̀kan, oven 10, AC mẹ́rin tó fẹ́ẹ̀ jẹ 7 lápapọ̀, fíríísà pẹ̀lú àwọn tó ń mú oúnjẹ gbóná bíi 8, iná àti pọ́ǹpù 2. Ẹ ro ó pọ̀, 45 ni. kVA ni wọ́n fi ń wọn jẹnẹrétọ̀, kVA kan sì sábà máa ń gbé bíi 0.8 kilowatt, ẹ wá fi 0.8 pín in, ó di bíi 56 kVA, ẹ sì gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ lórí ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA lèmi kọ síwèé! Wáyà ilé náà, féèsì kan péré ló wọlé, kò lè gbé irú ẹrù yẹn. A bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà ká fi gáàsì dín fryer méjèèjì, ìyẹn yọ 18 kúrò, ló jẹ́ ká rímú mí díẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo wọn ló máa ń gbà o, àwọn míì, àwọ̀ táìlì gan-an wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yí i.

Omi ìdọ̀tí nìyẹn náà. Omi kíṣìnì tó lọ́ràá kì í lọ sí soakaway, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí, tààrà, ó gbọ́dọ̀ gba inú àpótí tó ń mú ọ̀rá kọjá ná, tàbí kí gbogbo ẹ̀ dí pa. Táìlì tá a ti tẹ́ la tún fọ́. Ihò èéfín tó máa gba òrùlé jáde ńkọ́? Lánlọ́ọ̀dù ní ta ló fún wa láṣẹ láti lu páànù òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń bẹ bàbá.

Èyí tó wá dá mi lẹ́sẹ̀ dúró ni dọ́là. Ìlú òyìnbó ni fryer àti oven ti ń wá, bẹ́ẹ̀ dọ́là tó wà ní bíi 470 ní báǹkì níbẹ̀rẹ̀ June ti kọjá 700 kóṣù ọ̀hún tó parí. Ní tèmi báyìí, ìwé ọ̀tọ̀ ni mo ń kọ ohun tọ́wọ́ dọ́là wà nínú ẹ̀ sí, mo sì ń kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀sẹ̀ méjì péré niye yẹn máa fi dúró. Owó orúkọ, owó yúnífọ́ọ̀mù, owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ẹ béèrè ẹni tó ń san án, kẹ́ ẹ má fi há inú owó ilé.

Kí n tó fa tépù báyìí, ìwé ẹ̀rọ kíṣìnì ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà màá lọ wo mítà iná.

Bọ̀dá ò bú mi o, wọ́n kàn ní kí n gbàgbé owó iṣẹ́ mi ni. Tí mo bá ń kọjá níbẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ yẹn ń kùn lẹ́yìnkùlé, mo mọ̀ pé owó mi wà nínú dísù ẹ̀.