Yanrìn Àgbádárìgì Gbé Ọkọ̀ Wa Mì

Ẹ bá mi bi ẹni tó ń gbowó lẹ́nu géètì etíkun tá a lọ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ pé kí ni owó ọ̀hún wà fún. A san ti èèyàn, a san ti ọkọ̀, a tún san owó àtíbàbà tí oòrùn ń gba àárín ẹ̀ wọlé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wa ọkọ̀. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ọkọ̀ lè dé ìdí àgbọn ọ̀ọ́kán yẹn. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀. "Ẹ máa lọ, ọ̀gá, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbà."

A ò tíì dé ìdí àgbọn tí ọkọ̀ fi rì.

Ó dùn mí torí pé ọjọ́ náà ti ń dùn bọ̀. Láàárọ̀, a lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 létí ọ̀sà. A wọ ilé Séríkí Abass náà, níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ yàrá 40. Ẹni tó mú wa káàkiri mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Owó tá a san níbẹ̀ ò dùn mí rárá.

Àmọ́ ti etíkun yìí! Taya ń yí lójú kan, ó ń gbẹ́ kòtò fún ara ẹ̀, òórùn rọ́bà gba afẹ́fẹ́, títí ìdí ọkọ̀ fi jókòó sórí yanrìn. Àwọn ọmọkùnrin méjì yọ sí wa pẹ̀lú ṣọ́bìrì, bí ẹni tó ti ń retí wa. 40,000 náírà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gba 5,000. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí òkun, ó ní tí omi bá gòkè dé ibí, yóò di 60,000. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí, wọ́n ń fi Ègùn sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Bàbá kan dìde níbẹ̀, ó ní ká pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wọlẹ̀."

Ó ṣa ẹyọ igi ọwọ̀ kan, ó fi tẹ ẹnu taya, afẹ́fẹ́ ń tú jáde, títí ikùn taya fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní taya tó le bá yìí ni yanrìn ń gbé mì. Wọ́n fi ọwọ́ lásán wa yanrìn kúrò nídìí taya, wọ́n tẹ́ imọ̀ àgbọn síbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dín ẹja gan-an fi agbada sílẹ̀ wá. Okùn àwọ̀n ni wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹnì kan dá orin, àwọn tó kù ń gbè é, ibi tí ègbè bá ti balẹ̀ ni wọ́n ti ń fà. Ọkọ̀ mì, ó tún jókòó. Wọ́n tún orin dá. Ìgbà tó máa jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ oníṣọ́bìrì ti wà nídìí okùn pẹ̀lú wọn!

Bàbá ò gbowó. Ó ní tó bá ń yọ wá lẹ́nu, ká ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn. A rà á títí tí agbada fi gbẹ. Ẹja tútù tó gbóná fẹlifẹli, ata gígún, gàrí tí wọ́n fi omi tútù rẹ. Mo ti jẹun nílé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù l'Ékòó tí kò tó o.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ fi okùn àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí taya sí búùtù. Àwa ò ní, ńṣe la rọra ń wọ́ lọ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan létí títì. Ó wo taya wa, ó wo yanrìn tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta lónìí."